Ohùn Wo Ni Ká Fi Dá Ìwé Ẹlẹgbẹ́ Wa Lóhùn?

Bí olùkọ́ bá ní kí n gba ìwé ọmọ kíláàsì mi, kí n kà á, kí n sì kọ èsì sí abẹ́ rẹ̀, àṣẹ wo ni mo ní lórí ìwé náà? Ṣé adájọ́ ni mo jẹ́ ni, àbí ọ̀rẹ́, àbí àlejò tó yà sí ilé onílé? Ìbéèrè yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré lójú ẹlòmíràn, nítorí iṣẹ́ kíláàsì lásán ni. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, nínú iṣẹ́ kékeré yìí ni ọ̀pọ̀ wa ti ń kọ́kọ́ pinnu irú ènìyàn tí a ó jẹ́ sí ẹni tí àṣà rẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa. Èrò mi ni pé ẹni tó bá fẹ́ dá ìwé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lóhùn gbọ́dọ̀ béèrè kó tó dájọ́, kó sì sọ ìdí ohunkóhun tó bá ní ó burú. Bí kò bá lè sọ ìdí, kó fi bíírò rẹ̀ sílẹ̀ ná.

Òṣogbo ni ilé bàbá mi, Iléṣà ni ilé ìyá mi. Ìlú méjèèjì kò jìnnà síra wọn, ìtàn sì sọ pé wọ́n bára tan. Láròóyè tó tẹ Òṣogbo dó, láti Ìpólé ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ló ti wá. Omi ni òun àti Olútìmẹ́hìn ń wá kiri tí wọ́n fi dé etí odò Ọ̀ṣun. Nígbà tó yá, ogun ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún lé ọ̀pọ̀ ará Ọ̀yọ́ wọ Òṣogbo, ohùn ìlú náà sì wá sún mọ́ ti Ọ̀yọ́. Iléṣà di ohùn tirẹ̀ mú. Ìdí nìyí tí ẹ fi lè rí ọmọ méjì lórí bẹ́ǹṣì kan ní kíláàsì, tí baba ńlá wọn lè jẹ́ ọ̀kan náà, tí ọ̀kan ń pe ibi tó ń sùn ní ilé, tí èkejì ń pè é ní ulé. Iṣu tí ọ̀kan jẹ wá sí ilé-ìwé, uṣu ni èkejì jẹ.

Kí n tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín irú ọmọ méjì bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ ká rántí pé dídá ìwé lóhùn kì í ṣe àṣà àjèjì sí wa. Kí ìwé kíkọ tó dé, àrokò ni àwọn baba wa fi ń ránṣẹ́ síra wọn. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, bí ẹnì kan bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ẹni tó wù ú, ẹ̀fà náà ló ń sọ̀rọ̀: ọkàn mi fà sí ọ. Bí ọ̀rọ̀ náà bá wọ ẹni tó gbà á lára, mẹ́jọ ni yóò fi ránṣẹ́ padà: ọkàn wa jọ. Iṣẹ́ náà kò pé títí èsì yóò fi dé. Ẹni tí kò mọ àṣà yóò ka owó ẹyọ, yóò ní mẹ́fà ni, kò sì ní purọ́. Síbẹ̀, kò tíì ka nǹkan kan.

Nígbà tí ìwé ìròyìn dé, àṣà èsì bá a dé. Ní 1929, I. B. Thomas bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ lẹ́tà obìnrin kan tó ń jẹ́ Sẹ̀gilọlá jáde nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó. Obìnrin náà ń jẹ́wọ́ ìgbésí ayé rẹ̀ lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ títí wọ 1930. Thomas fúnra rẹ̀ ló dá Sẹ̀gilọlá sílẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn òǹkàwé kọ lẹ́tà nípa rẹ̀ sí ìwé ìròyìn náà, wọ́n sì rí lẹ́tà tiwọn nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Lẹ́yìn náà ni gbogbo rẹ̀ di ìwé ìtàn, tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ kà sí ìwé ìtàn àròsọ Yorùbá àkọ́kọ́. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé òǹkàwé Yorùbá kì í panu mọ́. Àmọ́ ẹni tó ń kọ̀wé sí Sẹ̀gilọlá kò ní bá a pàdé níbi tí a ti ń pọn omi. Ọmọ kíláàsì wa ń bọ̀ lọ́la, orí bẹ́ǹṣì kan náà ni yóò sì jókòó sí. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Orí bẹ́ǹṣì kan náà ni ẹyin náà yóò sì fọ́ sí.

Ní ọdún kan, olùkọ́ èdè Yorùbá wa ní kí oníkálukú kọ lẹ́tà gbẹ̀fẹ̀ sí àgbà kan nílé. Lẹ́yìn náà, ó ní ká pààrọ̀ ìwé, kí ẹni tó gbà á kọ èsì sí ìsàlẹ̀. Ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Iléṣà dé kọ lẹ́tà sí bàbá rẹ̀ àgbà. Ojú-ewé méjì gbáko ni. Ó ní, "Bàbá mi, ṣé ara rẹ le? Ṣé o ṣì ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà ulé ní ìrọ̀lẹ́?" Ó wá rán bàbá náà létí ìgbà tó ń ṣe òṣómàáló: bó ṣe ń gbé aṣọ lọ sí ìlú onílùú, tó ń tà á láwìn, tó ń padà lọ gbowó díẹ̀díẹ̀, tí yóò lóṣòó sí iwájú ilé onígbèsè, tí kò ní dìde àfi bí owó bá bọ́ sí i lọ́wọ́. Ní ìparí, ó bi í pé, "Nígbà tí o lóṣòó síbẹ̀, ṣé àánú wọn kì í ṣe ọ́?"

Ọmọkùnrin Òṣogbo kan ló gba ìwé náà. Gbólóhùn mẹ́ta ló kọ sí abẹ́ rẹ̀: "Aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni ẹni tó kọ lẹ́tà yìí. Ta ní ń sọ 'o' fún bàbá àgbà? Ulé kì í ṣe Yorùbá."

Ọmọbìnrin náà kà á, ó pa ìwé rẹ̀ dé, kò sọ̀rọ̀. Nígbà tí olùkọ́ ní ká tún lẹ́tà wa kọ, èyí tó kọ nìyí: "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, sà. Ara mi le. Mò ń ka ìwé mi dáadáa. Ó dàbọ̀." Kò sí ẹni tó lè rí àṣìṣe kan nínú rẹ̀. Kò sì sí ohun kan nínú rẹ̀. Ulé ti lọ, "o" ti lọ, ṣùgbọ́n òṣómàáló náà bá wọn lọ, ẹnu ọ̀nà ìrọ̀lẹ́ bá wọn lọ, ìbéèrè nípa àánú tó yẹ kí gbogbo wa gbọ́ èsì rẹ̀ sì bá wọn lọ. Ohun tí ọ̀rọ̀ burúkú ń ṣe sí ìwé nìyẹn: ẹni tí wọ́n bá pè ní aláìlẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ́ bí a ti ń kọ̀wé tí kò ní sọ nǹkan kan.

Olùkọ́ wa ka lẹ́tà méjèèjì. Kò na ọmọkùnrin náà, kò sì ní kó tọrọ àforíjì níwájú wa. Ó kàn ní kó lọ kọ ojú-ewé kan lórí ìbéèrè yìí: kí ló dé tí a fi ń sọ "ẹ" fún ẹnì kan ṣoṣo? Ọmọkùnrin náà dáhùn lójú ẹsẹ̀ pé nítorí ọ̀wọ̀ ni. Olùkọ́ ní orúkọ rẹ̀ nìyẹn, òun kò tíì gbọ́ ìdí rẹ̀.

Ó gbà tó ọ̀sẹ̀ kan kó tó mú nǹkan wá. Ó ti béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ilé rẹ̀, ó sì ti rò ó. Ó kọ ọ́ pé "ẹ" ni a ń lò fún èrò púpọ̀. Bí a bá wá lò ó fún àgbà kan, à ń sọ pé kò dá wà, pé odidi ìdílé ló dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ní ìsàlẹ̀, ó bi ọmọbìnrin náà ní ìbéèrè fún ìgbà àkọ́kọ́: "Kí ni ẹ̀yin máa ń ṣe láti bọ̀wọ̀ fún àgbà ní ilé yín?" Ọmọbìnrin náà kọ èsì sí abẹ́ tirẹ̀: "Orí ìkúnlẹ̀ ni mo máa ń wà bí mo bá ń sọ 'o' fún un. Bàbá mi kan ṣoṣo ni. Bí mo bá sọ 'ẹ', yóò wẹ̀yìn wò bóyá mo mú ẹlòmíràn wá bá a." Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín, ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ tó sọ yìí kì í ṣe ti ilé wọn nìkan. Ní ọ̀pọ̀ ẹ̀ka-èdè ìhà ìlà-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá, láti Ìjẹ̀ṣà dé Èkìtì àti Oǹdó, ohun tí ahọ́n àwọn àgbà mọ̀ ni "o" fún ẹnì kan, ìbáà ṣe ọba, ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́. Ilé-ìwé, ilé ìsìn àti rédíò ló mú kí "ẹ" tàn ká báyìí. Ará Òṣogbo bọ̀wọ̀ fún àgbà nípa sísọ ọ́ di púpọ̀. Ìjẹ̀ṣà àtijọ́ fi eékún bọ̀wọ̀ fún un, ó sì jẹ́ kó súnmọ́ òun lẹ́nu. Èwo ló dára jù? Mo ti rò ó títí, n kò rí ìdí tí ọ̀kan fi gbọ́dọ̀ pa èkejì. Ohun tó dá mi lójú ni pé ọmọkùnrin náà kì bá tí mọ ìtumọ̀ "ẹ" tó ti ń sọ láti kékeré, bí kò bá jẹ́ pé ìwé ọmọ Iléṣà kan dí i lọ́nà. Ọmọ tí kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn rí ni yóò ní kò sí oko tó tó ti bàbá òun.

Ibí yìí ni mo ti rí ìyàtọ̀ tó wà láàárín èsì olùkọ́ àti èsì ẹlẹgbẹ́. Olùkọ́ ní máàkì lọ́wọ́. Bó bá fa ìlà pupa sí abẹ́ ọ̀rọ̀ mi, n óò tún un ṣe, bí n kò tilẹ̀ mọ ìdí. Ẹlẹgbẹ́ mi kò ní máàkì kankan láti fún mi tàbí láti gbà lọ́wọ́ mi. Ohun kan ṣoṣo tó ní ni ìdí. Bó bá fẹ́ kí n gbà pé ohun tí mo kọ kò dára, ó di dandan kó wá ìdí rẹ̀ jáde. Ibi tó ti ń wá a ni yóò ti rí i pé àwọn nǹkan kan tí òun pè ní òfin, àṣà ilé àwọn ni. Ẹ̀kọ́ yìí kò sí nínú ìwé kankan; ìwé ẹlẹgbẹ́ ẹni ló wà.

Ṣé ulé wá kì í ṣe Yorùbá lóòótọ́? Ẹni tó bá mọ bí Yorùbá inú ìwé ṣe bẹ̀rẹ̀ kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Àjàyí Crowther, tí ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1843, ọmọ Òṣoogùn ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ni. Ní 1875, àwọn àlùfáà àti akọ̀wé ṣe ìpàdé ní Èkó lórí bó ṣe yẹ ká máa kọ èdè náà sílẹ̀, Bíbélì sì jáde lódindi ní 1884. Ohùn Ọ̀yọ́ ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà lé jù lọ. Bí àkọ́kọ́ nínú àwọn tó tẹ ìwé bá ti Iléṣà wá ni, bóyá ọmọ Òṣogbo ni wọn ì bá máa fa ìlà pupa fún lónìí nítorí pé ó kọ "ilé".

Mo mọ̀ pé àwọn òbí kan yóò bi mí pé: ṣé kí ọmọ wa wá máa kọ ulé nínú ìdánwò WAEC ni? Rárá o. Yorùbá àjùmọ̀lò ni ìdánwò ń fẹ́, ó sì dára pé ká ní ohùn kan tí ọmọ Ìbàdàn, ọmọ Kétu àti ọmọ Iléṣà lè jọ kà. Ẹni tó bá fi òtítọ́ yìí pa mọ́ fún ọmọ náà ń ṣe é níkà, bó tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín sí i. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a lè gbà sọ ọ́ wà: "Nínú ìdánwò, 'ilé' ni wọ́n ń retí. Nínú lẹ́tà sí bàbá rẹ, ìwọ lo mọ ohun tó máa ń gbọ́." A kì í wọ aṣọ ilé-ìwé sùn, a kì í sì wọ aṣọ oorun lọ sí ilé-ìwé, kò sí èyí tó jẹ́ àkísà nínú méjèèjì.

Àwọn mìíràn yóò ní akẹ́kọ̀ọ́ kò mọ̀wé tó láti tọ́ akẹ́kọ̀ọ́ sọ́nà, pé afọ́jú kì í fọ̀nà han afọ́jú. Ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ àmì ohùn àti àkọtọ́. Àmọ́ ohun kan wà tí òǹkàwé nìkan mọ̀: ibi tó ti sọnù nínú ìwé, ibi tí ara rẹ̀ ti gbọ̀n, ibi tó ti fẹ́ gbọ́ sí i tí òǹkọ̀wé kò sọ mọ́. Olùkọ́ tó gbọ́n jù lọ kò lè bá mi mọ ibi tí èmi ti sọnù.

Ewu kejì tún wà, tó ń fara hàn bí oore. Kí a máa kọ "Ó dára púpọ̀" sí abẹ́ gbogbo ìwé, kí ọ̀rẹ́ má baà bínú. Ẹni tó kọ "ó dára" sí abẹ́ ìwé tí kò kà ti purọ́ lẹ́ẹ̀mejì: ó purọ́ nípa ìwé, ó sì purọ́ pé òun kà á. Bí lẹ́tà ọmọ Iléṣà yẹn bá bọ́ sọ́wọ́ mi, ohun tí n bá kọ nìyí: "Mo rí bàbá rẹ lórí ìlóṣòó níwájú ilé onígbèsè, ara mi bù máṣọ. Ṣùgbọ́n o bi í nípa àánú, o sì dágbére lójú ẹsẹ̀. Kí lo rò pé yóò dáhùn? Ṣé ìwọ gan-an ń ṣàánú onígbèsè, àbí bàbá rẹ? Mi ò gbọ́ 'ulé' rí; ṣé bí ẹ ṣe ń pe ilé nìyẹn?" Kò sí ìpọ́nni nínú rẹ̀, kò sì sí èébú. Ìwé náà ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, òun ni yóò sì pinnu ohun tí yóò ṣe sí i.

Òṣogbo wa yìí ti fi àpẹẹrẹ ńlá lélẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Kí Dúró Ládipọ̀ tó di olókìkí, ó gbé ìlù Yorùbá wọ orin Àjíǹde ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn kan nínú ìjọ kò sì fara mọ́ ọn. Ní oṣù kẹta 1962, òun àti Ulli Beier ṣí ilé iṣẹ́ ọnà kan ní Òṣogbo, irú èyí tó ti wà ní Ìbàdàn ṣáájú tí wọ́n ń pè ní Mbari. Ọ̀rọ̀ Ìgbò ni Mbari. Àwọn ará Òṣogbo kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò ní kì í ṣe Yorùbá, kí wọ́n jù ú nù. Bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ ni wọ́n fi ọmọ kún un: Mbari Mbayọ, bí mo bá rí i, màá yọ̀. Láti inú ilé yìí ni eré Ọba Kò So ti jáde, tó dé Berlin ní Jámánì ní 1964.

Mo fẹ́ràn ìtàn yìí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kà á dé ìsàlẹ̀. Ìtumọ̀ tí Òṣogbo fún Mbari yàtọ̀ sí ti àwọn tó ni ín. Lọ́dọ̀ àwọn Ìgbò agbègbè Òwerri, ilé tí a fi amọ̀ mọ, tí a kó ère sí láti bọ̀wọ̀ fún Àlà, òrìṣà ilẹ̀, ni. Nítorí náà, kí á fi ayọ̀ gba ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ló ṣáájú, ṣùgbọ́n kò tó. Lẹ́yìn ayọ̀, ó yẹ ká bi onílé pé: kí ni ìwọ ń pè é?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, bí ìwé ẹlẹgbẹ́ yín bá dé ọwọ́ yín, ẹ kọ́kọ́ kọ ohun tí ẹ rí nínú rẹ̀, kí ẹ tó kọ ohun tí ẹ kò fẹ́. Ohun tó bá ṣàjèjì, ẹ fi àmì ìbéèrè sí iwájú rẹ̀, kó tó di pé ẹ fa ìlà sí i. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èsì wa bí ẹ ṣe ń ka àròkọ wa, kí ẹ sì béèrè ìdí lọ́wọ́ wa. Bí ẹ kò bá kà á, ẹni tó lẹ́nu jù ní kíláàsì ni yóò di olùkọ́. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá ti ilé-ìwé dé, tó ń bi yín pé kí ló dé tí a fi ń kúnlẹ̀, kí ló dé tí a fi ń sọ "ẹ", ẹ má ṣe ní ó ti ń yájú. Ó lè jẹ́ pé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan ló ń dúró de èsì.

Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní ń yọ ọfà lápó. Bíírò kan náà ló ń kọ méjèèjì. Ìdáhùn mi sí ìbéèrè tí mo fi bẹ̀rẹ̀ nìyí: àlejò ni mo jẹ́ nínú ìwé ẹlẹgbẹ́ mi. Àlejò lè sọ fún onílé pé òrùlé rẹ̀ ń jò, inú onílé yóò sì dùn pé ó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n yóò kọ́kọ́ kí i, yóò jókòó, yóò sì béèrè ohun tí wọ́n ń pe ilé náà.